Ọkọ̀ tó ń mísì: Ẹ sanwó fún àyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó fún irin

Ìgbà òtútù ni ọkọ̀ tó ti dàgbà máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí kùrukùru bá bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti Turin dé Padua títí dé Treviso, ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní spia motore á sì tàn níwájú yín. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé ní ọ̀rọ̀ kan fún un: wọ́n á ní ọkọ̀ náà ń mísì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí rẹ̀ kò gùn. Mísì kì í ṣe àrùn, àmì àrùn ni. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ kó tó mọ ohun tó fà á, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ọ̀pọ̀ wa, àtàgbà àtọmọdé, ló sì ń ta tẹ́tẹ́ yìí, nítorí pé a kì í fẹ́ sanwó fún ọgbọ́n. Irin tí a lè fọwọ́ kàn la máa ń fẹ́ sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tàbí tí ẹ dàgbà síbí, ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́ wa kì í sábà jẹ́ tuntun. Punto tàbí Panda bàbá ni, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá. Òfin pàápàá fi ìwọ̀n sí agbára ọkọ̀ tí neopatentato lè wà ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kékeré ló máa ń kàn yín. Ẹ sì mọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Ẹni tó ní láti wọ ilé ìkẹ́rù ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní Interporto Padua, tàbí ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Pontebbana láti Treviso lọ sí Conegliano, kò lè máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́ pé bọ́ọ̀sì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́, owó oṣù lè dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ odó tí kò dún

Ẹ fojú inú wo ènìyàn mẹ́rin tó dúró yí odó kan ká, tí wọ́n ń gún iyán. Ọmọ odó kan ń lọ sókè, òmíràn ń bọ̀ nílẹ̀, ìró wọn sì ń tẹ̀ léra. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdánù àkókò tirẹ̀, ẹni tó wà ní yàrá kejì pàápàá á gbọ́ pé nǹkan kan yẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin ṣe rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, 1, 3, 4, 2 ni bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Kí sìlíńdà kan tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé: afẹ́fẹ́, epo, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, àti ìfúnpọ̀, ìyẹn ni pé kí ibi tí písítìnnì ti ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ má ṣe jò. Gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dé lásìkò. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, ọkọ̀ á mísì.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń gbọ́ ìró odó yìí lọ́nà tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ka bí ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí ṣe ń yára sí. Bí epo inú sìlíńdà kan bá kọ̀ tí kò jó, ọ̀pá náà á falẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Yúróòpù pé kí gbogbo ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun ní ètò ìṣọ́ra yìí. P0301 túmọ̀ sí pé sìlíńdà kìíní ló ń mísì, P0302 ni ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. P0300 ni ti mísì tó ń káàkiri, tí kò dúró sójú kan.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí nọ́ńbà yìí kò sọ. P0302 kò sọ pé púlọ́ọ̀gì ti kú. Kò sọ pé kọ́ìlì ti jóná. Ohun tó sọ ni pé ọmọ odó kejì kò dún. Ṣé ó ti rẹ ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni, àbí ọmọ odó ló dá, àbí iṣu ni kò sí nínú odó? Fóònù yín kò mọ̀.

Etí Dádì, fóònù ọmọ

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, ọgbọ́n méjèèjì ló wà nínú ilé yín, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà pàdé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa mọ ẹ́ńjìnnì láti ara Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kaduna, àti Volkswagen tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó, láti 1975. Ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ ni, kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Etí àti imú ni wọ́n fi ń wádìí rẹ̀. Bí ó bá ń mísì, mẹkáníìkì á jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, á sì máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà, sìlíńdà yẹn ni kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lórí ọkọ̀ tòde òní. Iná tó ń gba inú wáyà yẹn lè ju 20,000 fóólùtì lọ. Ó lè gbé yín ṣubú, ó sì lè ba kọ́ìlì jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, epo tí kò jó nínú sìlíńdà kì í pòórá. Ó ń gba inú páìpù èéfín lọ sínú catalizzatore, ibẹ̀ ló ti máa ń gbiná. Peugeot 504 ìgbà yẹn kò ní nǹkan tó ń jẹ́ catalizzatore. Ọkọ̀ yín ní in, ó sì wọ́n.

Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, fóònù ni ẹ gbójú lé. Ẹ óò ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á gbé P0302 jáde, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti ra kọ́ìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dádì tó ń gbọ́ ìró kò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Ọmọ tó ń ka kọ̀ǹpútà kò fetí sí ìró. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jókòó pọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà náà fún Dádì, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ lára ọkọ̀ náà láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Ìgbà wo ló máa ń ṣe é?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹ lè bi ọkọ̀, èyí ló níye lórí jù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àárọ̀ tí kùrukùru tàbí òjò wà nìkan ló ń mísì, tó sì ń dáwọ́ dúró nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbóná tó ti gbẹ, ẹ fura sí wáyà púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Rọ́bà wáyà tó ti gbó máa ń sán. Ọ̀rinrin á gba ojú ibi tó sán wọlé, iná á sì gba ibẹ̀ jáde sára irin dípò kó dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ní alẹ́, níbi tó ṣókùnkùn dáadáa, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ máa wò. Nígbà mìíràn ẹ óò rí iná búlúù tó ń ṣẹ́jú lára wáyà. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ dúró ní tiráfíìkì ló ń mísì, tó sì ń dára nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò yẹ kó wọlé ló ń wọlé. Ẹ wá ọ́ọ̀sì tó sán tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀díẹ̀, ihò kékeré máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó bá ń mí gidi, ihò yẹn kò tó nǹkan mọ́.

Bí ó bá wá jẹ́ pé òkè ló kórìíra, tó ń dára ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń gun Superga ní Turin, tàbí Colli Euganei lẹ́yìn Padua, tàbí Montello ní ìhà Treviso, iná púlọ́ọ̀gì ló ń ṣàárẹ̀ tàbí epo ni kò tó. Ẹrù ló ń tú àṣírí àìlera.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ti Ítálì gan-an. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà níbí ló ń lo GPL tàbí metano pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ yí i sórí bẹntiróòlù kí ẹ wa ọkọ̀ náà ní ojú ọ̀nà kan náà. Bí mísì bá lọ, ẹ yẹ fílítà gáàsì àti àwọn nọ́súlù gáàsì wò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé gáàsì ń béèrè iná tó lágbára ju ti bẹntiróòlù lọ. Púlọ́ọ̀gì tó ti gbó lè máa ṣe dáadáa lórí bẹntiróòlù kó sì kọ̀ lórí gáàsì. Ẹ kó ìmọ̀ yìí pamọ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní May 2023 ni ìjọba ti ń rọ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì CNG. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wádìí ọkọ̀ oní-nǹkan-méjì yìí kò ní ṣàìríṣẹ́ ṣe nílé.

Àpẹẹrẹ Punto

Ẹ jẹ́ ká lo ẹ́ńjìnnì kan tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ní 1985 ni Fiat mú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní FIRE jáde nínú Autobianchi Y10. Ó wà nínú Punto àti Panda fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nínú ọ̀pọ̀ Punto 1.2 tó ní in, kọ́ìlì méjì ló wà fún sìlíńdà mẹ́rin: ọ̀kan ń fún 1 àti 4 ní iná, èkejì ń fún 2 àti 3.

Ẹni tó bá mọ èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọ̀ràn kó tó gbé sípánà. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ P0301 àti P0304 pa pọ̀, kọ́ìlì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí, pẹ̀lú wáyà tó ń gbé iná lọ sínú rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì méjì kì í sábà kú lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ P0302 nìkan, tí 3 tí wọ́n jọ ń lo kọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìfura á kúrò lórí kọ́ìlì, á lọ sórí púlọ́ọ̀gì, wáyà, nọ́súlù tàbí ìfúnpọ̀ sìlíńdà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì 2 lọ sí ojú 3, kí ẹ mú ti 3 wá sí ojú 2. Ẹ pa nọ́ńbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà. Bí P0303 bá yọjú, púlọ́ọ̀gì lẹ jẹ̀bi. Ó ti gbé àìsàn rẹ̀ lọ síbi tuntun. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0302, púlọ́ọ̀gì ti jàre. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà bí gígùn rẹ̀ bá gbà. Nínú ọkọ̀ tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ti ní kọ́ìlì tirẹ̀, bákan náà ni ẹ ó ṣe kọ́ìlì. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ èyí tó sọ̀rọ̀.

Candela ni àwọn ará ibí ń pe púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ni àbẹ́là, lóòótọ́ ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí ti ilẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá tutù tó ń rùn bẹntiróòlù, epo ń dé ṣùgbọ́n kò jó. Bó bá dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ń wọlé. Bó bá wá mọ́ tónítóní ju àwọn yòókù lọ, bí ẹni pé wọ́n fi ooru omi fọ̀ ọ́, ẹ yára lọ wo omi rédíétọ̀. Tí omi yẹn bá ń dínkù láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti là. Ọ̀ràn ibẹ̀ yẹn, ohun tó tẹ̀lé ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí gbogbo èyí bá kọjá tí ẹ kò rí nǹkan kan, ó ku nọ́súlù àti ìfúnpọ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpọ̀. Kí iye tí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde sún mọ́ra ni ẹ ń wá. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an, mẹkáníìkì á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, á sì tún un wọ̀n. Bí iye náà bá gòkè, òrùka písítìnnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ẹ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí púlọ́ọ̀gì tuntun tó lè wo èyí sàn láéláé.

Owó tí a kì í fẹ́ san

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, "Púlọ́ọ̀gì kò wọ́n. Ẹ kàn pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ máa lọ." Bí àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ bá ti tó, mo fara mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú nìyẹn, kì í ṣe ìwádìí. Ewu ibẹ̀ ni pé púlọ́ọ̀gì tuntun lè bo omi tàbí ọ́ìlì tó ń wọlé mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, inú yín á dùn, gásíkẹ́ẹ̀tì á sì máa là sí i lábẹ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní, "Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, kì í ṣe tiwa." Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé officina tí ẹ kàn sọ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, ẹ ti fi gbogbo ìwádìí lé wọn lọ́wọ́, wákàtí wọn ni ẹ ó sì sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé, "P0302 ni, ó ń ṣe é nígbà tó bá tutù nìkan, mo ti gbé púlọ́ọ̀gì lọ sí 3, kò tẹ̀ lé e," ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ tún lè fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó pààrọ̀ ohunkóhun pé: àyẹ̀wò wo ni ẹ ṣe tó fi hàn pé nǹkan yìí ló bàjẹ́? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Bí officina bá ní kí a sanwó wákàtí kan fún àyẹ̀wò nìkan, àwọn èèyàn wa á ní, "Kí ló wá ṣe?" Ṣùgbọ́n wọ́n á fi ayọ̀ ra kọ́ìlì, wáyà àti sẹ́ńsọ̀, nǹkan mẹ́ta tí kò ṣe ohunkóhun, nítorí pé wọ́n rí páálí wọn lọ́wọ́. Ẹ ṣírò ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbà, kí ẹ fi wé owó àyẹ̀wò náà. Ọgbọ́n ló pọ̀wó kéré níbẹ̀. Bí a bá ń sanwó fún dókítà kó tó kọ oògùn, ó yẹ ká sanwó fún ẹni tó ń wádìí ọkọ̀.

Nǹkan kan wà tí kò ní ìjiyàn nínú. Bí spia motore bá dúró gbọin, ẹ lè rọra wa ọkọ̀ náà dé ibi àyẹ̀wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú nítorí mísì, kọ̀ǹpútà ń kìlọ̀ pé epo tí kò jó ti pọ̀ débi tó lè sun catalizzatore. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ wá ibi tó láàbò, ẹ dúró. Ẹ má fipá wà á délé.

Revisione náà ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ọdún méjì méjì. November 2021 ni owó rẹ̀ di 79.02 yúró ní àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni. Wọ́n ń wọn èéfín níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń mísì sì ń tu epo tí kò jó jáde. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láìṣe revisione lè san ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀ láti 173 yúró.

"Ẹ tà á, kí ẹ ra òmíràn." Èyí náà wà lára ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ẹ tà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí ọkọ̀ àgbà ń lọ. Àjọ UNEP sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kékeré ni wọ́n kó kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Tòkúnbọ̀ là ń pè é nílé. Ọkọ̀ tí mísì ti sun catalizzatore rẹ̀ níbí, èéfín rẹ̀ ni àwọn àbúrò yín ń fà símú ní Mushin àti ní Mókọ́lá.

Àwọn kan nínú yín wà ní istituto professionale, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Manutenzione e Assistenza Tecnica, tí àwọn ìyá yín sì ń fẹ́ kí ẹ di lọ́yà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ dídọ̀tí lásán ni. Turin ni wọ́n ti dá Fiat sílẹ̀ ní 1899. Ẹ ń gbé ní agbègbè tí wọ́n ti ń fi ọpọlọ ṣe ọkọ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹni tó bá lè gbọ́ ìró, kó ka nọ́ńbà, kó sì sọ ìdí tí sìlíńdà kejì kò fi jó, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ kọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbé jáde, ìgbà tó ń mísì, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, epo tàbí gáàsì, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí òkè. Ẹ kọ ohun tí ẹ pààrọ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà sínú ọkọ̀, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.